Bí Eré Àwọn Ọkọ̀ Tíì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1866, ọkọ̀ onígbòkun méjì wọ èbúté Lọ́ńdọ̀nù, ìṣẹ́jú 28 péré ló sì wà láàárín wọn. Taeping ló ṣáájú, Ariel tẹ̀lé e. Foochow ní Ṣáínà ni wọ́n ti jọ wá, wọ́n lo ọjọ́ 99 lójú òkun, tíì ló sì kún inú wọn dẹ́nu. Báwo ni ewé tí wọ́n ti sá gbẹ ṣe di ẹrù tí wọ́n ń fi ẹ̀mí wewu lé lórí?

Nígbà tó jẹ́ pé East India Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ló láṣẹ láti kó tíì Ṣáínà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ọkọ̀ wọn tóbi, ó wúwo, ó lè lo oṣù mẹ́fà lọ́nà. Ta ni yóò bá wọn du ọjà? Ọdún 1834 ni àṣẹ yẹn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1849, ìjọba tún fagi lé òfin tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ àjèjì kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé. Ọdún kejì rẹ̀ ni Oriental, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ti Hong Kong dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 97. Ara ta àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré.

N kò fẹ́ kí ẹwà àwọn ọkọ̀ náà bo ohun tó wà nídìí òwò yìí mọ́lẹ̀. Fàdákà ni Ṣáínà ń gbà fún tíì, ó sì ń dun àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé fàdákà wọn ń lọ. Ohun tí wọ́n fi dípò rẹ̀ ni opium, oògùn olóró tí wọ́n ń gbìn ní Íńdíà, tí àwọn oníṣòwò ń fà wọ Ṣáínà láìka òfin ibẹ̀ sí. Àìmọye èèyàn ló bà jẹ́. Ní 1839, Lin Zexu, aṣojú ọba Ṣáínà, gba àpótí opium tó tó 20,000, ó sì run ún ní Humen. Ogun ni Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lóhùn. Àdéhùn Nanking ti 1842 gba Hong Kong fún wọn, ó sì ṣí èbúté márùn-ún sílẹ̀ fún òwò wọn. Foochow wà lára wọn. Ìbọn ló ṣílẹ̀kùn ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀.

Tíì àkọ́ká ọdún ló máa ń wọ́n jù lọ́jà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣèlérí ṣílè 10 lé owó ẹrù tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan fún ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé. Ní 1866, Ariel ló kọ́kọ́ kẹ́rù tán, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré tó yẹ kó fà á dé òkun kò lágbára tó, ni ọkọ̀ mìíràn, Fiery Cross, bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n la Òkun Íńdíà já, wọ́n yí gúúsù Áfíríkà po, wọ́n gba Àtìláńtíìkì gòkè. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, Ariel fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú Taeping dé Deal ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n omi ti fà lẹ́nu èbúté tí Ariel ń lọ, àfi kó dúró dè é kó kún. Èbúté ti Taeping ní ìlẹ̀kùn méjì, wọ́n sì tètè gbà á wọlé. Kí àríyànjiyàn má baà gba owó náà mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn tó ni ọkọ̀ méjèèjì gbà láti pín in.

Èmi gbà pé ọkọ̀ mìíràn ló jẹ́ kókó. Erl King, tó ní ẹ́ńjìnnì, gbéra ní Foochow lẹ́yìn wọn, ó sì fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú wọn dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, 1869, wọ́n ṣí ọ̀nà omi Suez, tó gé ohun tó lé ní 3,000 máìlì kúrò nínú ìrìnàjò náà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló wúlò fún. Atẹ́gùn Òkun Pupa, tí ọ̀nà náà já sí, kò bá onígbòkun lára mu. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n ti Cutty Sark sómi ní Dumbarton, tí wọ́n kàn fún òwò tíì. Nígbà tó yá, ó di ọkọ̀ tó ń kó irun àgùntàn láti Ọsirélíà. Taeping rì ní 1871. Ariel dàwátì ní 1872.

Cutty Sark ṣì wà ní Greenwich. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó, kí ẹ sì sọ ti opium fún wọn pẹ̀lú.