Ojú Kọ̀ǹpútà Yín Dàrú Lẹ́yìn Tí Wọ́n Pààrọ̀ Windows? Ẹ Má Tíì Sanwó Òmíràn O!

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ lọ̀pọ̀ yín fi ń ṣiṣẹ́ ajé.

Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ti Windows 7 ti parí látọdún 2020. Ìdí nìyí táwọn èèyàn fi ń gbé ẹ̀rọ lọ kí wọ́n bá wọn pààrọ̀ ẹ̀.

Wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ tán, kàyéfì! Lẹ́tà á tóbi gbàràmù, àwòrán á fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, fíìmù á máa já. Nígbà míì, gbogbo ojú ẹ̀ á dúdú kirikiri. Aláìláàánú á wá ní: "Màmá, síkíríìnì yín ti kú, ẹ mówó tuntun wá." Ẹ fara balẹ̀ o!

Dẹ́rẹ́bà ló sábà máa ń fà á. Kì í ṣe èyí tó ń wa dánfó o! Ibì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń yàwòrán sójú ẹ̀rọ, Windows ò sì gbédè ibẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ni ògbufọ̀ wọn. Bọ́ba tuntun bá jẹ, tí ògbufọ̀ àtijọ́ ò gbọ́ èdè ẹ̀, ṣé iṣẹ́ á jẹ́ bó ṣe yẹ? Windows á wá fi ògbufọ̀ onígbà díẹ̀ síbẹ̀, Microsoft Basic Display Adapter lorúkọ ẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà ti rí nǹkan lójú ẹ̀rọ, agbára tiẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ṣe ibi àwòrán yẹn ló ń ṣe dẹ́rẹ́bà ẹ̀. Bó bá ti pẹ́, wọ́n á pa á tì. Ẹ wo Intel HD Graphics 3000, tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọdún 2011. Intel ṣe ti Windows 7 àti 8 fún un, wọn ò ṣe ti Windows 10, ká má tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti 11. Ti Windows 8 làwọn èèyàn fi ń dọ́gbọ́n sí i. Ó ń gbà lára ẹ̀rọ kan, ó ń kọ̀ lára òmíì.

Kí lẹ máa wá ṣe? Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ ní kí wọ́n ṣí Device Manager, kẹ́ ẹ kọ orúkọ tó wà lábẹ́ Display adapters sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé dẹ́rẹ́bà eléyìí wà fún Windows tuntun?" Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ máa fi ṣiṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ti báńkì o.

Ẹ da iṣẹ́ yín sínú fláàṣì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ọjọ́ 10 lẹ ní láti dá a padà: Settings, System, Recovery, Go back.

Bó bá sì ti bà jẹ́, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá jáde kedere kí Windows tó wọlé, síkíríìnì ò kú. Dẹ́rẹ́bà ni kí wọ́n wá.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ béèrè kówó tó kúrò lápò yín!