Akọ edé àti abo edé

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí edé. Kì í ṣe edé wẹ́wẹ́ tí à ń lọ̀ sí ọbẹ̀ ni à ń sọ. Edé ńlá inú odò ni, èyí tí apá rẹ̀ gùn.

Àwa ará Kétu, orí òkè gbígbẹ ni a wà. Kànga wa jìn. Ṣùgbọ́n odò Ouémé ń ṣàn kọjá ní ìwọ̀ oòrùn wa, edé yìí sì ń gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i nínú agbọ̀n ní ọjà, ẹ ó rí àwọn ńlá, ẹ ó sì rí àwọn kékeré láàárín wọn. Kí ni ẹ rò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní, "Àwọn ńlá ni ìyá, àwọn kékeré ni ọmọ." Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú edé yìí, akọ ni ó ń tóbi jù. Púpọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní ọmọ, ìyá ni wọ́n. (Kì í ṣe gbogbo edé ni ó rí báyìí o. Edé pupa kékeré kan wà tí àwọn òyìnbó ń sìn nínú àpótí dígí fún ẹwà. Nínú ìyẹn, abo ni ó tóbi jù, òun náà ni ó sì pupa jù.)

Báwo ni a ṣe lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo? Ẹ kọ́kọ́ wo apá. Edé ní apá ńlá méjì tí ó fi ń mú nǹkan, ẹnu rẹ̀ rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Apá akọ tí ó ti dàgbà gùn, ó sì nípọn. Ti abo kéré. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé apá nìkan, nítorí apá a máa já nínú àwọ̀n. Akọ tí ó ṣì kéré náà wà, tí apá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti abo.

Nítorí náà, ẹ dá edé náà dé ẹ̀yìn, kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Bí ó bá jẹ́ abo, ìhà ìrù rẹ̀ fẹ̀, ó sì bò wálẹ̀ bí aṣọ tí ìyá fi bo ọmọ. Abẹ́ ibẹ̀ ni ó ń gbé ẹyin rẹ̀ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin wẹ́wẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ àwọn ẹsẹ̀ tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Èyí tí ẹyin bá wà lábẹ́ ìrù rẹ̀, abo ni, kò sí àríyànjiyàn.

Bí kò bá sí ẹyin ńkọ́? Ẹ ka ẹsẹ̀. Méjì méjì ni wọ́n, ọ̀nà márùn-ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Apá kékeré méjì ni 1, apá ńlá méjì ni 2, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn: 3, 4, 5. Ihò kékeré kan wà ní ìdí ẹsẹ̀. Bí ihò náà bá wà ní ìdí ẹsẹ̀ 3, abo ni. Bí ó bá wà ní ìdí ẹsẹ̀ 5, akọ ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí ó pe ọmọdé kan kí ó bá a wò ó.

Ó yá, ẹ mú ìwé yín. Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Ẹ kọ AKỌ sí apá kan, kí ẹ kọ ABO sí apá kejì. Fún edé kọ̀ọ̀kan, ẹ fa igi kan. Ká ní ẹ ka 50, tí akọ jẹ́ 20, tí abo jẹ́ 30. Ìyẹn ni pé bí akọ bá jẹ́ 2, abo yóò jẹ́ 3. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni inú odò rí? Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kì í mú edé kékeré. Abo yóò yọ́ gba ojú rẹ̀ jáde, akọ yóò sì kù nínú rẹ̀. Ibi tí a ti pẹja náà ń yí iye padà. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọmọ edé yìí kò lè yè nínú omi tí kò níyọ̀ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Omi tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni ó ń fẹ́, irú èyí tí ó wà níbi tí odò ti ń pàdé òkun. Nítorí náà, abo a ru ẹyin rẹ̀, a sì bá omi sọ̀ kalẹ̀ lọ síhà ọ̀sà Nokoué. Bí ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀, yóò gun odò padà sókè. Ẹni tí ó dẹ ìgèrè sí ìsàlẹ̀ odò ní àkókò yìí lè kó abo púpọ̀. Ẹni tí ó wà lókè odò lè máa rí akọ ṣáá.

Akọ edé kan tó fún abo mẹ́rin tàbí márùn-ún, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá mú akọ ńlá kan, àwọn yòókù yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n abo kan tí ó ru ẹyin, tí a yan lórí iná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó bá a lọ. Bí èyí tí ẹ rí nínú ìgèrè bá ṣì wà láàyè, ẹ dá a padà sínú omi. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́jà, kékeré ni.

Ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n parí ògiri ńlá kan ní Diama ní 1986, wọ́n fi sé odò nítòsí òkun. Abo edé kò rí ọ̀nà lọ sí omi oníyọ̀ mọ́, ọmọ kò sì rí ọ̀nà padà. Edé di ọ̀wọ́n lókè odò. Edé yìí sì ni ó ń jẹ ìgbín kéékèèké inú omi, àwọn ìgbín tí ń gbé kòkòrò àrùn bilharziose, èyí tí ènìyàn fi ń tọ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ó fi ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Láti 1988 ni àrùn náà ti gbilẹ̀ ní Richard-Toll. Ògiri náà mú kí omi rọ ìgbín lọ́rùn, àìsí edé sì dá kún un. Ní abúlé Lampsar, àwọn onímọ̀ da edé padà sí etí omi tí àwọn ará abúlé ń lò. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2015 fi hàn pé ìgbín tí ó ní àrùn dín kù níbẹ̀, àrùn sì dín kù lára àwọn ènìyàn. Ní 2014, àwọn kan ti dábàá pé akọ nìkan ni kí wọ́n máa dà sí irú omi bẹ́ẹ̀, nítorí akọ ń yára dàgbà, kì í sì í rìn lọ bí abo.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé ìjọba ń gbèrò láti sé odò Ouémé ní Dogo, ní agbègbè Kétu wa níhìn-ín, fún iná mànàmáná. Iná dára, a sì ń fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá pe ìpàdé lórí rẹ̀ ní abúlé yín, ẹ béèrè ibi tí abo edé yóò gbà sọ̀ kalẹ̀, àti ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò gbà gòkè padà.