Àyànmọ́: Ohun tí Ifá sọ yàtọ̀ sí èyí tí à ń sọ káàkiri

Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí wọ́n tó gbé àwọn tó farapa kúrò nílẹ̀ ni ẹnìkan yóò ti mí kanlẹ̀, yóò ní àyànmọ́ wọn ni. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. A ó gbàgbé táyà tó ti jẹ tán àti dẹ́rẹ́bà tó ti mutí yó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe lo ọ̀rọ̀ yìí?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí ẹ̀dá fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ yàn lọ́run. Àkúnlẹ̀gbà ni èyí tó kúnlẹ̀ gbà. Àyànmọ́ ni èyí tí wọ́n yàn mọ́ ọn.

Ìtàn rẹ̀ wà nínú Ifá. Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá tó ń fi amọ̀ mọ orí. Onígbèsè paraku ni Àjàlá (Ifá kò fi èyí bò), kì í sì í ṣe gbogbo orí tó mọ ló jiná. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá a nílé. Wọ́n mú orí tó tóbi, tó rẹwà, wọ́n bá tiwọn lọ. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí amọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Nígbà tí wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, kò sí èrè.

Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rúbọ, kó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Oníbodè náà ló mú un dé ilé Àjàlá. Olówó ti jókòó síbẹ̀, Àjàlá sì ti sá sórí àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó ń fi ọ̀pá irin dán àwọn orí wò títí ó fi bá a yan èyí tó le. Òjò rọ̀ lé òun náà, kò ṣe orí rẹ̀ ní nǹkan kan.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí yóò rí i pé ìbéèrè, iyọ̀ àti gbèsè tó san ló gbà á. Òótọ́ ni pé ibì kan ta kókó: ta ni yóò dá àwọn méjì yòókù lẹ́bi ohun tí ojú wọn kò lè rí? Ifá kò ní ó rọrùn láti tún orí tí kò jiná ṣe. Àmọ́ ó tún sọ pé gbogbo orí péjọ, wọ́n ń gbèrò láìpe Ẹsẹ̀ sí i. Kò sí èyí tó ṣẹ nínú ìmọ̀ràn wọn, àfi ìgbà tí wọ́n lọ pè é wá.