Sàtánì Ló Dé Kẹ́yìn: Bí Fíìmù Rosemary's Baby Ṣe Wáyé

Láti oṣù Kẹfà ọdún 1968 tí fíìmù Rosemary's Baby ti jáde ní Amẹ́ríkà ni àwọn kan tó wò ó ti ń búra pé àwọn fojú ara àwọn rí ọmọ inú ibùsùn dúdú tó wà níparí rẹ̀. Wọ́n á júwe ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Roman Polanski, olùdarí fíìmù náà, kò fi ọmọ kankan hàn. Ìyá tó bojú wo inú ibùsùn, tí àyà rẹ̀ já, ni kámẹ́rà mú, pẹ̀lú ojú abàmì kan tó yọ fìrí tó sì pòórá. Ẹni tó bá rí ohun tí kò sí, ó ti gbé e wá láti ilé ni. Ọ̀pọ̀ gbà pé Sàtánì ni orísun ẹ̀rù tí wọ́n gbé wá yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ náà dé ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé Sàtánì ló dé kẹ́yìn.

Ìwé ìtàn àròsọ Ira Levin, tó jáde lọ́dún 1967, ni wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Levin ṣàlàyé nígbà tó yá pé oyún ló kọ́kọ́ sọ sí òun lọ́kàn, níbi tí òun jókòó sí tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ níwájú tí òun kò gbọ́. Ó ti kíyè sí i pé nínú ìtàn ẹ̀rù, ìgbà tí ohun búburú kò tíì dé ló ń já èèyàn láyà jù. Ìdúró wo ló wá gùn, tó sì dájú, tó ti oṣù mẹ́sàn-án? Kí òǹkàwé sáà ti mọ̀ pé ohun tó ń dàgbà nínú obìnrin kan kì í ṣe ọmọ èèyàn. Ó ku kí òǹkọ̀wé wá bàbá fún ọmọ. Ó ronú kan ẹ̀dá tó ti ayé mìíràn wá, ṣùgbọ́n John Wyndham ti fi ìyẹn ṣe ìtàn nínú The Midwich Cuckoos lọ́dún 1957. Sàtánì ló ṣẹ́ kù, Levin sì mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé Sàtánì wà.

Ta ló wá ni fíìmù? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. William Castle ló ra ẹ̀tọ́ ìwé náà kí ó tó dé ọjà. Castle yìí ló ní kí wọ́n de ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ abẹ́ àga nínú àwọn sinimá kan lọ́dún 1959, nítorí fíìmù rẹ̀ tó ń jẹ́ The Tingler, kí àga lè máa gbọ̀n nídìí àwọn òǹwòran. Ó fẹ́ darí ti Levin fúnra rẹ̀. Robert Evans, ọ̀gá ní Paramount, kọ̀ jálẹ̀. Polanski, ọmọ Poland tó ṣe Repulsion lọ́dún 1965, ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Ó mọ̀ pé Polanski fẹ́ràn eré orí yìnyín, ó sì fi fíìmù kan tó dá lórí eré náà fà á wá sí Hollywood, ó wá ti ìwé Levin sí i lọ́wọ́. Castle di agbátẹrù, ó sì yọjú nínú fíìmù gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn ilé tẹlifóònù. Àwọn tó sọ pé Castle ló ni ín kò purọ́, nítorí òun ló kọ́kọ́ ná owó lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn ilẹ̀kùn kan. William Fraker, ẹni tó ń ya fíìmù náà, gbé kámẹ́rà síbi tí a ó ti rí Minnie Castevet, ìyá àgbà aládùúgbò tí Ruth Gordon ṣe, níbi tó jókòó sí nínú yàrá tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Àwòrán náà mọ́ kedere. Polanski ní kó sún kámẹ́rà, títí ògiri ẹnu ọ̀nà fi bo ojú ìyá náà, tó jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló hàn. Ọ̀rọ̀ náà kò yé Fraker. Ìgbà tí fíìmù dé sinimá ló rí i tí gbogbo gbọ̀ngàn tẹ orí sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń gbìyànjú láti yọjú kọjá ògiri tó wà lójú aṣọ lásán. Castle ní láti fi ẹ̀rọ mi àga kí èèyàn tó mira. Polanski kò fọwọ́ kan àga ẹnikẹ́ni.

Kí ni wọ́n ń yọjú wá? Ẹ yọ Sàtánì kúrò nínú ìtàn náà, kí ẹ wo ohun tó kù. Rosemary, tí Mia Farrow ṣe, jí lówùúrọ̀, ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé òun bá a sùn nígbà tí kò mọ ara rẹ̀. Lọ́dún tí fíìmù náà jáde, kò sí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí òfin rẹ̀ ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ láàárín ọkọ àti ìyàwó sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó lóyún, àwọn aládùúgbò yan dókítà fún un. Dókítà Sapirstein ní kò gbọdọ̀ ka ìwé, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ tàwọn ọ̀rẹ́; inú ń run ún fún oṣù bíi mélòó kan, dókítà ní yóò lọ. Àwọn tó ka ìwé náà lọ́dún 1967 kò tíì gbàgbé thalidomide, oògùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Jámánì lọ́dún 1957, tí àwọn dókítà ń fún aboyún kí èébì lè dáwọ́ dúró, kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà níparí ọdún 1961. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn ọmọ tó bà jẹ́ látinú oyún lé ní 10,000. Ìyá wọn kò ṣe ju pé wọ́n gba dókítà gbọ́.

Àwọn kan yóò ní Sàtánì gan-an ló gbòde nígbà náà: Anton LaVey dá ìjọ Sàtánì sílẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1966, àjọ Kátólíìkì tó ń yẹ fíìmù wò sì dá Rosemary's Baby lẹ́bi. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé LaVey ló ṣe Sàtánì nínú fíìmù náà. Kò rí bẹ́ẹ̀, òṣèré kan tó ń jẹ́ Clay Tanner ni. Àtakò tó lágbára jùyẹn ni pé ìparí fíìmù jẹ́rìí sí i pé obìnrin náà kò ya wèrè, pé ẹgbẹ́ abọ-Sàtánì wà lóòótọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Dókítà Hill, tí aboyún náà sá tọ̀ lọ níkẹyìn. Ó tẹ́tí sí i, ó ní kó sinmi, ó wọ yàrá kejì, ó sì pe ọkọ rẹ̀ àti Sapirstein kí wọ́n wá mú un. Hill kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Èèyàn rere tó gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá dókítà ju ti aláìsàn lọ ni, òun ló sì di ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn mọ́ obìnrin náà.

Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, Levin sọ pé ẹ̀bi ń dá òun nítorí ọ̀nà tí ìtàn òun là fún àwọn fíìmù bíi The Exorcist àti The Omen, tí ọ̀pọ̀ sì wá gba Sàtánì gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jọ pé ohun tó ṣẹ́ kù nínú àpò òǹkọ̀wé ni àwọn tó tẹ̀ lé e kó lọ, tí wọ́n fi èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tún ìtàn náà ṣe fún tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2014, wọ́n sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ṣe fíìmù Apartment 7A lọ́dún 2024. Àwọn fíìmù ẹ̀rù ayé òde òní fẹ́ràn kí wọ́n fi gbogbo nǹkan hàn, bóyá nítorí pé ẹ̀rọ tó lè ṣe é ti wà. Ṣùgbọ́n ohun abàmì tó bá ti fara hàn kì í pẹ́ mọ́ni lójú. Èyí tí kì í mọ́ni lójú ni ohùn jẹ́jẹ́ tó ń sọ fún aboyún pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, àwọn tó mọ̀ jù ú lọ ti bá a rò ó.