Iṣẹ́ Ẹni Tí Ó Mú Àlejò Mọ Àgbà

Ní Ọbáníkòró níbi tí mo ń gbé, àlejò kì í ṣàdédé wọlé tọ àgbà àdúgbò. Ẹnì kan ni yóò mú un lọ, tí yóò sọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ó ti wá àti ohun tí ó bá wá. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ àlejò ti kan ẹni tí ó mú un wọlé. Kí wá ni iṣẹ́ alárinà yìí gan-an? Ẹ jẹ́ kí a wo Abẹ́òkúta ní ọdún 1859.

Ní ọdún náà, Martin Delany, dókítà aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, àti Robert Campbell, olùkọ́ ọmọ Jàmáíkà, wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìmúnisìn kò tíì tán ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn wọn lè fi ṣe ilé ni wọ́n ń wá. Okùkẹ́nù, ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ Aláké ní Abẹ́òkúta, gbà wọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, òun àti àwọn ìjòyè bá wọn ṣe àdéhùn. Samuel Àjàyí Crowther àti ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àjàyí mọ ohun tí àwọn àlejò náà ń sá fún: wọ́n ti kó òun náà lẹ́rú ní 1821.

Àdéhùn náà ni pé kí àwọn àlejò bá àwọn Ẹ̀gbá gbé lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò, kí wọ́n mú ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ wá, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún òfin Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, lójú àlejò ni a ti í jẹ gbèsè, lẹ́yìn rẹ̀ ni a ń san án. Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, tako ìwé náà. Ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860. Àdéhùn kò sì fìdí múlẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kókó. Lọ́dọ̀ Yorùbá àtijọ́, àlejò tí a fún nílẹ̀ lè kọ́lé, ó lè dáko, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì lè wí òmíràn. Ní 1861, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Dòsùnmú fọwọ́ sí tí Èkó fi bọ́ sọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Campbell padà wá sí Èkó ní 1862, ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ó di ará ilé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni a ó máa ṣe ògbufọ̀ fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ lọ́la. Kí a má ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan. Kí a bi àlejò léèrè ohun tí ó rò pé a fún òun, kí a sì bi àgbà léèrè ohun tí ó rò pé òun fi sílẹ̀. Bí ìdáhùn méjèèjì kò bá dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ sí ìwé.