Òṣùká Kì Í Dín Ẹrù Kù: Rọ́bà Abẹ́ Ọkọ̀ Akẹ́rù àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya ẹlòmíràn láti rí àròkọ lórí abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, níbi tí a ti sábà máa ń ka ọ̀rọ̀ nípa ewì, oríkì àti ìtàn. Ìdí méjì ni mo fi kọ ọ́. Èkíní ni pé iṣẹ́ ọkọ̀ ni bàbá mi ń ṣe. Pákó ni ó ń kó láti Ondó wá sí ọjà pákó ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, owó iṣẹ́ yìí ni ó sì rán mi dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìdí kejì ni pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà, tí ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń wọkọ̀, tàbí tí ó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù, mọ̀. Ẹni tí ó bá sì rò pé a kò lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ó lọ jókòó fún wákàtí kan ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ lò níhìn-ín.

Ohun tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa rọ́bà, ó yẹ kí a mọ àwọn ohun tí rọ́bà ń bá ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù onítáyà mẹ́fà, ẹ ó rí irin gbọọrọ méjì tí ó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ṣásí nìyẹn, òun ni ó ru bọ́dì ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀. Ẹ ó tún rí irin ńlá kan tí ó dábùú, tí ó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì. Èyí ni ákísù. Láàárín ṣásí àti ákísù ni sípíríǹgì wà. Sípíríǹgì ẹ̀yìn irú ọkọ̀ yìí kì í ká bí ejò. Irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni, tí a tẹ̀ bí ọrun, tí a sì tò léra wọn, èyí tí ó gùn jù lọ lókè, tí àwọn yòókù sì ń kúrú sí i bí wọ́n ti ń lọ sísàlẹ̀. Ewé ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Yúbóòtù ni ó di gbogbo rẹ̀ mọ́ ákísù.

Nígbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, àwọn ewé yìí ni yóò tẹ̀, tí wọn yóò sì tún padà sípò, kí ìgbọ̀nrìrì náà má baà dé orí ẹrù àti ara awakọ̀ tán. Ṣùgbọ́n irin náà a máa rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ẹrù kò sì dín, ọrun tí a tẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ọkọ̀ bàbá mi. Bí wọ́n bá ti di pákó sí i tán, ìdí rẹ̀ a wọlẹ̀, imú rẹ̀ a sì gbé sókè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná iwájú rẹ̀ a kọjú sí orí igi dípò ojú ọ̀nà, àwọn awakọ̀ tí ń bọ̀ níwájú a sì máa fi ìbínú tan iná padà fún un. Bí ó bá fẹ́ yà níbi kọ́nà, ọkọ̀ a fì bí ọ̀mùtí.

Mẹkáníìkì kan kọ́kọ́ gé ògbólógbòó táyà, ó sì fi há àárín ṣásí àti ákísù. Òótọ́ ni pé ìdí ọkọ̀ gbéra díẹ̀. Ṣùgbọ́n ègé táyà kò ní ìhò nínú, aṣọ tàbí wáyà sì wà láàárín rẹ̀. Kò lè rọ̀ bí ó ti yẹ. Gbogbo kòtò ni ó ń gbá bàbá mi ní ẹ̀yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ègé ti apá òsì yọ jábọ́ sọ́nà, ọkọ̀ sì ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Nígbà náà ni bàbá mi tó gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn lọ, èyí tí ó mọ rọ́bà tí a dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí.

Bí rọ́bà ti ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1678, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Hooke, tẹ ìwé jáde nípa sípíríǹgì. Ohun tí ó wí ni pé bí ẹrù bá ti pọ̀ tó ni sípíríǹgì yóò tẹ̀ tó: bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, títẹ̀ náà yóò di ìlọ́po méjì. Sípíríǹgì onírin ń tẹ̀ lé òfin yìí dáadáa. Rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sọ rọ́bà di ohun tí ó wúlò fún irú iṣẹ́ yìí ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, tí ó rí i ní ọdún 1839 pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, kò ní í yọ́ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní í gan nínú òtútù. Nígbà tí ó fi di ọdún 1959, rọ́bà ti níyì tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kékeré tí a ń pè ní Mini fi jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìní sípíríǹgì onírin rárá. Rọ́bà ni Alex Moulton ṣe sí abẹ́ rẹ̀.

Rọ́bà tí a fi sí ọkọ̀ bàbá mi rí bí ìgò kúkúrú tí inú rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí ẹrù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lé e, yóò rọ̀. Bí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́ sí i, ògiri rẹ̀ yóò máa ká jọ, yóò sì máa le sí i. Nítorí náà, kì í gbá awakọ̀ lójijì bí ègé táyà ti ń ṣe. Ohun mìíràn tí ó dára ni pé kì í fara kan ákísù nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Àyè díẹ̀ wà láàárín wọn. Bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́ tí ìdí ọkọ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ ni rọ́bà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká ní sípíríǹgì kan ń tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 fún 200 kìló ẹrù. Bí a bá di 4,000 kìló sí orí ákísù ẹ̀yìn, 2,000 ni yóò kan sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan, ìdí ọkọ̀ yóò sì wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi rọ́bà sí i, tí yóò fara kan ákísù lẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà 4, tí yóò sì máa gba 100 kìló fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Sípíríǹgì nìkan ni yóò ru 800 kìló àkọ́kọ́. Ìyókù, 1,200, ni àwọn méjèèjì yóò jọ rù, 300 fún sẹ̀ǹtímítà 1; èyí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 sí i. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8 dípò 10. Sípíríǹgì ru 1,600, rọ́bà ru 400. Ara tu sípíríǹgì, ọkọ̀ sì dúró gbọn-in.

Bí a ti ń fi í sí i

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì rí bí ọ̀gá mẹkáníìkì ti ṣe é. Ó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tí ó ṣófo sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ó sì wọn àyè tí ó wà láàárín ṣásí àti ákísù ní ọ̀tún àti ní òsì. Ó wo ewé kọ̀ọ̀kan bóyá ó sán. Ó rí ọ̀kan tí ó ti sán, ó sì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ná, nítorí pé rọ́bà kì í ṣe oògùn sípíríǹgì tí ó ti ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi igi há táyà iwájú, ó fi jáàkì gbé ṣásí, ó sì ti irin tí ó dúró ṣinṣin sí abẹ́ rẹ̀ kí ó tó wọ ìsàlẹ̀. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí ó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Rọ́bà kékeré kan wà lábẹ́ ṣásí láti ilé-iṣẹ́, tí kì í jẹ́ kí irin gbá irin. Ó tú u, ó ha ìpẹtà ibẹ̀ kúrò, ó sì fi bóòtù de rọ́bà tuntun sí ipò rẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì, irú kan náà. Nígbà tí ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó wo àyè tí ó wà láàárín rọ́bà àti ákísù bóyá ó bá ohun tí ó wà nínú ìwé rọ́bà náà mu, ó sì rí i pé páìpù bíréèkì kò fara kàn án. Ó ní kí bàbá mi padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tún bóòtù náà fún mọ́lẹ̀, kí ó má sì ṣe jẹ́ kí girísì, dísù tàbí ọ́ìlì máa kán sí i, nítorí pé wọ́n a máa mú kí rọ́bà wú, kí ó sì jẹrà.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ dákẹ́

Inú bàbá mi dùn. Ọkọ̀ kò fì mọ́, iná rẹ̀ sì ń tàn sí ojú ọ̀nà. Ẹrù tí ó máa ń gbé kò ju igba pákó lọ. Ní ọjọ́ kan, oníṣòwò pákó kan wo ìdí ọkọ̀ náà, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò rí i pé ọkọ̀ yín ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ru nǹkan? Ẹ jẹ́ ká fi ogójì kún un.” Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rí i pé ó dúró dáadáa, ó sì gbà.

Wọ́n kọjá Ifẹ̀. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni bíréèkì ti gbóná tí kò mú dáadáa mọ́, táyà ẹ̀yìn kan sì bẹ́. Ọkọ̀ yà wọ inú oko ẹ̀gẹ́. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n itan ọmọ iṣẹ́ bàbá mi ṣẹ́, ó sì pẹ́ kí ó tó lè rìn. Nígbà tí bàbá mi bi mẹkáníìkì léèrè ohun tí ó fà á, ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: “Bàbá, rọ́bà ni mo fi sí i fún yín, n kò pààrọ̀ ákísù.”

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo padà sí ìṣirò mi. Pákó tútù kan lè tó 20 kìló. Ogójì rẹ̀ jẹ́ 800, ìyẹn 400 sí i fún apá kọ̀ọ̀kan. Lórí sípíríǹgì nìkan, ọkọ̀ ìbá ti wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, bàbá mi ìbá sì ti rí i pé ó pọ̀ jù. Pẹ̀lú rọ́bà, kò ju sẹ̀ǹtímítà 9 àti díẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù wá dúró dáadáa ju bí ó ti máa ń dúró tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ìdí tí ó ń wọlẹ̀ ni ẹnu tí ọkọ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Rọ́bà ti pa á lẹ́nu mọ́.

Àwọn ìyá wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí ọkọ̀ tó dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ru ẹrù a ká aṣọ ṣe òṣùká lé orí. Ara a tu orí, ẹrù a sì jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n òṣùká kì í dín ẹrù kù. Ọrùn àti ẹsẹ̀ ni ó mọ iye tí a rù. Ti ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà gba díẹ̀ lọ́wọ́ sípíríǹgì, ṣùgbọ́n gbogbo 4,800 kìló náà ni ó ṣì wà lórí ákísù àti táyà, bíréèkì ni yóò sì dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ojú ọ̀nà pàápàá mọ̀ ọ́n. Láti 1958 sí 1960, wọ́n wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí ọ̀nà tí wọ́n dìídì là fún àyẹ̀wò nítòsí Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù orí ákísù bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí yóò ṣe fún ọ̀nà yóò tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Àwa tí a ń bú kòtò ojú ọ̀nà, kí a rántí ẹni tí ó ń bá wa gbẹ́ ẹ.

Ní ìparí ọ̀rọ̀ mi, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi rọ́bà sí ọkọ̀ rẹ̀. Rọ́bà náà ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ bàbá mi títí di òní, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a ka ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ sára ọkọ̀, kí a sì mọ ìwọ̀n ẹrù kí a tó dì í, kí a má ṣe fi ojú wo ìdí ọkọ̀ ṣe òṣùwọ̀n mọ́. Bàbá mi kì í bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ọkọ̀ mọ́ bí wọ́n bá ń di ẹrù. Ó máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a ka pákó kọ̀ọ̀kan, bí ó bá sì ti pé igba, a ti ilẹ̀kùn.