Ìbẹ̀rù àti Ìgbọràn: Ohun Tí Ìpè Gídíónì Kọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run (Onídàájọ́ 6–8)

Lórí ọ̀pọ̀ pẹpẹ ìwàásù wa, ohun tí a máa ń wí nípa ìbẹ̀rù kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ̀mí òkùnkùn ni, a sì gbọ́dọ̀ lé e jáde. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí ọ̀tá a máa fi ìbẹ̀rù de ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ wa, onígbàgbọ́ tí àyà rẹ̀ ń já yóò rò pé òun kò ní ìgbàgbọ́ rárá, òjíṣẹ́ tí Ọlọ́run rán yóò sì máa dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rù yóò tán kó tó gbéra. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ìtàn Gídíónì ṣàlàyé pé ìbẹ̀rù yàtọ̀ sí ìwà ojo, àti pé ìgbọràn lè ṣáájú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ìbẹ̀rù àti ìwà ojo

2 Tímótì 1:7 ni a sábà máa ń tọ́ka sí. Bíbélì Yorùbá lo "ìbẹ̀rù" níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò ni *deilia*, kì í ṣe *phobos*. *Phobos* ni ìbẹ̀rù lápapọ̀, tó fi dé orí ìbẹ̀rù Olúwa. *Deilia* ni ìwà ojo: kí ẹ̀rù mú ènìyàn sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá a tan ni Jésù bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn wí nínú ìjì (Máàkù 4:40), òun náà ló sì wà nínú Ìfihàn 21:8. Ẹsẹ tó tẹ̀lé e nínú lẹ́tà náà jẹ́rìí sí i, nítorí níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti ní kí Tímótì má ṣe tijú ẹ̀rí Olúwa, kó sì bá òun pín nínú ìpọ́njú. Bóyá Tímótì yóò dúró ló jẹ ẹ́ lógún.

Pọ́ọ̀lù kan náà jẹ́wọ́ pé òun wà láàrin àwọn ará Kọ́ríńtì nínú àìlera, ẹ̀rù àti ìwárìrì púpọ̀ (1 Kọ́ríńtì 2:3), àti pé ní Makedóníà, ẹ̀rù wà nínú òun (2 Kọ́ríńtì 7:5). *Phobos* ló lò ní ibi méjèèjì. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kò ṣojo.

Ẹni tó ṣe é lóru

Ọdún méje ni Mídíánì fi pọ́n Ísírẹ́lì lójú. Nígbà tí áńgẹ́lì Olúwa bá Gídíónì, ó ń pa ọkà ní ibi ìfúntí. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀wà mọ̀ pé ibi tí atẹ́gùn wà ni wọ́n máa ń dúró sí. Ibi ìfúntí jẹ́ kòtò tí a gbẹ́ sínú àpáta. Ẹni tó ń pa ọkà níbẹ̀ ń sá pamọ́ ni.

Iṣẹ́ tí Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un kì í ṣe ogun Mídíánì. Pẹpẹ Báálì tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ ni Ọlọ́run ní kó wó (6:25–27). Ó mú ìránṣẹ́ mẹ́wàá, ó sì ṣe é lóru nítorí ó bẹ̀rù ilé bàbá rẹ̀ àti àwọn ará ìlú. Ìwé Mímọ́ kò bá a wí. Ìbẹ̀rù yan wákàtí fún un, ṣùgbọ́n kò bu iṣẹ́ náà kù: pẹpẹ wó, òpó Áṣérà ṣubú, a sì sun ẹbọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti inú ilé tí orò ìdílé ti le wá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ó rọrùn láti pariwo lé ọ̀tá tó wà lókèèrè lórí. Ó ṣòro láti jókòó láàrin ẹbí nígbà ìsìnkú bàbá ẹni, kí a sì sọ pé a kò ní lọ́wọ́ nínú ètùtù.

Jóáṣì, ẹni tó ni pẹpẹ náà, ló gbèjà ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Kí a má ṣe sọ èyí di ìlérí pé gbogbo bàbá ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Hébérù 11:32 dárúkọ Gídíónì nínú orí kan náà tó sọ nípa àwọn tí a sọ lókùúta, tí a sì fi ayùn rẹ́ sí méjì.

Ẹ̀mí bà lé e, ẹ̀rù kò tán

Fún àwa tí a gba ìbatisí Ẹ̀mí gbọ́, 6:34 ṣe pàtàkì. Ní èdè Hébérù, ẹsẹ náà sọ pé Ẹ̀mí Olúwa wọ Gídíónì bí aṣọ. Ẹ kíyèsí i pé lẹ́yìn èyí ló fi irun àgùntàn béèrè àmì lẹ́ẹ̀mejì. Ní òru ogun, Ọlọ́run tún sọ fún un pé bí ẹ̀rù bá ń bà á láti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdó, kó mú Púrà ìránṣẹ́ rẹ̀ dání (7:10). Gídíónì mú Púrà. Agbára Ẹ̀mí wà fún iṣẹ́. A kò ṣèlérí fún wa pé àyà kò ní já mọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣebí Ọlọ́run ló ní kí àwọn tí ẹ̀rù ń bà padà sílé, tí 22,000 sì lọ (7:3)? Bẹ́ẹ̀ ni. Deuterónómì 20:8 ti fún wọn láàyè, kí wọ́n má bàa kó àyà àwọn arákùnrin wọn jẹ. Ìdí mìíràn ni kí Ísírẹ́lì má ṣògo pé ọwọ́ òun ló ṣe é (7:2). Wọ́n gbé ẹ̀rù wọn lọ sílé. Gídíónì gbé tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdó ọ̀tá. Síbẹ̀, nígbà tí Mídíánì ń sá, a tún pe Náfútálì, Áṣérì àti Mánásè jáde (7:23), àwọn ẹ̀yà tó ti jáde ní ìṣáájú. Ẹni tí ẹ̀rù dá padà lónìí, a lè tún un pè lọ́la.

Bí a ó ti lò ó nínú ìjọ

Èkíní, bí ọmọ ìjọ bá wí pé ẹ̀rù ń ba òun, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí Ọlọ́run ní kó ṣe, kí a tó béèrè ẹ̀mí tó ń dà á láàmú.

Èkejì, ẹni tí a ń rán lọ sí ibi tó le, kí a fún un ní Púrà. Méjì méjì ni Jésù rán àwọn ọmọ-ẹ̀yìn (Máàkù 6:7).

Ẹ̀kẹta, àìbẹ̀rù nìkan kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ẹni tó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró láti fi hàn pé òun kò bẹ̀rù ikú kò tẹ̀lé àṣẹ kankan. Ó ń dán Olúwa wò ni (Mátíù 4:7). Ìgbọràn gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó ń tẹ̀lé.

Òpin Gídíónì kìlọ̀ fún wa lórí èyí. Nígbà tí ogun ti parí, tí ẹ̀rù kò sí mọ́, ó fi wúrà ìkógun ṣe éfódì sí Ófrà, ìlú tó ti wó pẹpẹ Báálì. A kò kà á pé ó béèrè lọ́wọ́ Olúwa, ó sì di ìdẹkùn fún òun àti ilé rẹ̀ (8:27). Ní ọjọ́ tí ẹ̀rù ń bà á, ó ń béèrè. Ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí a ó gbé ọwọ́ lé lórí láìpẹ́, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ má fi pamọ́ fún Ẹni tó rán yín. Ẹ wí i fún un, ẹ mú Púrà yín dání, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ lọ.